Ìkòkò Ilé Ni Kí A Tún Ṣe, Kì í Ṣe Àwo Ọmọbìnrin Nìkan

Nínú ọ̀pọ̀ ilé, ìyá kan wà tí ó máa ń fi kànrìnkànrìn àti ọṣẹ dúdú ha ọrùn ọmọbìnrin rẹ̀ ní àràárọ̀. Ọrùn náà dúdú ju ibi yòókù lára ọmọ lọ, abíyá rẹ̀ sì rí bákan náà. Ìyá rò pé ìdọ̀tí ni, pé ọmọ náà kò mọ ara rẹ̀ wẹ̀. Ọmọ ń sunkún, awọ ń bó, dúdú náà kò sì lọ. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ìyá kan náà ṣàkíyèsí pé páàdì tí ó rà fún ọmọ ṣì wà nínú àpótí láìlò láti nǹkan bí oṣù mẹ́rin. Àyà rẹ̀ já. Ó ti ilẹ̀kùn yàrá, ó ní kí ọmọ dárúkọ ẹni tí ó fún un lóyún.

Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ kò lóyún. Nígbà púpọ̀, ọrùn tí ó dúdú, nǹkan oṣù tí ó dáwọ́ dúró, irorẹ́ tí ó kún ojú àti irun tí ó ń hù ní àgbọ̀n ọmọbìnrin, àìsàn kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń tọ́ka sí. Orúkọ tí àwọn oníṣègùn fún un ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ni Polycystic Ovary Syndrome, tí wọ́n gé kúrú sí PCOS. Kì í ṣe ìdọ̀tí, kì í ṣe ìṣekúṣe, kì í sì í ṣe àfiṣe ọmọ aráyé. Oúnjẹ wà lára ohun tí a fi ń tọ́jú rẹ̀, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ òbí ti ń ṣìnà. Àwo ọmọ nìkan ni wọ́n ń bù oúnjẹ kúrò nínú rẹ̀, wọn kì í fọwọ́ kan ìkòkò ilé. Ìkòkò ilé ni ó sì yẹ kí a kọ́kọ́ tún ṣe.

Àìsàn yìí kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1935, àwọn dókítà méjì ní ìlú Chicago ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Irving Stein àti Michael Leventhal, kọ̀wé nípa àwọn obìnrin méje tí ilé ẹyin wọn tóbi ju bí ó ti yẹ lọ, tí nǹkan oṣù wọn sì ń ṣe ségesège. Láti ìgbà náà ni ìmọ̀ ti ń gbòòrò sí i. Ó ti wá hàn gbangba pé nínú obìnrin 10 tí ó wà ní ọjọ́ orí ìbímọ, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan ní in. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú 100 àwọn tí ó ní in, ó lè tó 70 tí kò mọ̀ pé àwọn ní in. Orúkọ rẹ̀ a máa dẹ́rù bani, nítorí pé ó ń sọ̀rọ̀ nípa àpò omi kéékèèké lórí ilé ẹyin. Àwọn àpò wọ̀nyí kì í ṣe ìju, wọn kì í sì í ṣe jẹjẹrẹ. Ibi tí ẹyin obìnrin ń gbé dàgbà ni wọ́n, tí wọ́n dúró sójú kan tí ẹyin inú wọn kò gbó.

Bí ó ti ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Ẹ̀bà, iyán, ìrẹsì àti búrẹ́dì, ṣúgà ni wọ́n ń dà nígbà tí wọ́n bá dénú. Ara a máa pèsè ohun kan tí a ń pè ní insulin, òun ni ó ń ṣílẹ̀kùn fún ṣúgà kí ó lè kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ wọ inú ẹran ara lọ. Lára ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ní PCOS, ilẹ̀kùn náà ṣòro láti ṣí. Insulin yóò kanlẹ̀kùn títí, ara yóò tún rán òmíràn wá, títí tí yóò fi pọ̀ lápọ̀jù. Insulin àpọ̀jù yìí ni ó máa ń ti ilé ẹyin láti pèsè họ́mọ̀nù tí ó sábà máa ń pọ̀ lára ọkùnrin. Gbogbo obìnrin ni ó ní díẹ̀ nínú họ́mọ̀nù náà, ṣùgbọ́n bí ó bá ti kọjá ìwọ̀n, irun yóò hù sí àgbọ̀n àti àyà, irorẹ́ yóò gba ojú, ẹyin kò ní gbó ní àkókò, nǹkan oṣù yóò sì dàrú. Insulin kan náà ni ó ń mú kí awọ ọrùn àti abíyá dúdú. Kànrìnkànrìn kò lè ha á kúrò, nítorí pé inú ni ó ti wá. Àìsàn náà a sì máa rìn nínú ìdílé, láti ara ìyá sí ara ọmọ, láti ara ẹ̀gbọ́n sí ara àbúrò. Ẹni tí ó bá sọ pé wọ̀bìà ọmọ ni ó fà á, kò mọ ohun tí ó ń sọ.

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ọmọbìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ kò dọ́gba ni ó ní àìsàn yìí. Ní ọdún kìíní tí ọmọ bá bẹ̀rẹ̀, ségesège rẹ̀ kì í ṣe ohun àjèjì. Ìlànà àgbáyé tí àwọn onímọ̀ gbé jáde ní ọdún 2023, èyí tí Yunifásítì Monash ní ilẹ̀ Ọsirélíà ṣe aṣáájú rẹ̀, fi ààlà sí i. Bí ó bá ti pé ọdún kan sí mẹ́ta tí ọmọ bẹ̀rẹ̀, tí ó ń ju ọjọ́ 45 lọ kí òmíràn tó dé, tàbí tí kì í pé ọjọ́ 21, ó yẹ kí a fura. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, bí ó bá ń ju ọjọ́ 35 lọ, ó yẹ kí a fura. Nígbàkígbà lẹ́yìn ọdún kìíní, bí ọjọ́ 90 bá kọjá láìrí i rárá, ilé ìwòsàn ti yá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọmọ tí ó pé ọdún 15 tí kò tíì rí i rí. Ìlànà kan náà kìlọ̀ pé kí a má ṣe fi àwòrán inú dá irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ lẹ́jọ́, nítorí pé ilé ẹyin ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́mọbìnrin tí ara wọn dá ṣáṣá ni ó ní irú àpò kéékèèké bẹ́ẹ̀. Dókítà tí ó mọṣẹ́ yóò bèèrè ọ̀rọ̀, yóò yẹ ara wò, yóò ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, yóò sì wádìí bóyá àìsàn mìíràn ni ó fà á. Bí ó bá sì pọn dandan láti ṣe àyẹ̀wò oyún, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni yóò gbà, láìsí igbe, láìsí èébú, láìsí pé aládùúgbò gbọ́.

Ó ṣeni láàánú pé kí ọ̀pọ̀ òbí tó dé ọ̀dọ̀ dókítà, wọn yóò ti rin ọ̀nà mẹ́ta mìíràn. Èkíní ni ẹ̀sùn. Wọn yóò fi ìṣekúṣe kan ọmọ tí kò mọ ọkùnrin, ọmọ yóò sì kọ́ láti fi ohun tí ó ń ṣe é pamọ́. Èkejì ni àgbo. Ọmọ yóò mu omi egbò kíkorò tí wọ́n ní yóò fọ ilé ọmọ, yóò mu tíì tí wọ́n ní ó ń múni fọn, inú rẹ̀ yóò máa ṣí láti òwúrọ̀ dé alẹ́, nǹkan oṣù kò sì ní tìtorí èyí dé. Ẹ̀kẹta ni ó burú jù, òun ni kí wọ́n sọ pé bí ọmọ bá ti délé ọkọ, ara rẹ̀ yóò wálẹ̀. Ìgbéyàwó kì í ṣe oògùn. Ọmọ ọdún 16 tí wọ́n fi àìsàn tí a kò tọ́jú lé lọ sílé ọkọ, bí oyún kò bá tètè dé, òun náà ni wọn yóò tún dá lẹ́bi níbẹ̀. Òtítọ́ ni pé ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn obìnrin tí ó ní PCOS ni ó ń bímọ, àwọn kan láìsí ìrànlọ́wọ́, àwọn mìíràn pẹ̀lú ìtọ́jú. Ìgbà èwe sì ni ìgbà tí ó dára jù láti bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú náà.

Bí ó bá ṣe ìtìjú ni kò jẹ́ kí òbí sọ̀rọ̀, kí wọ́n rántí Fatimah bint Abi Hubaysh. Obìnrin yìí lọ bá Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a), ó sì ṣàlàyé pé ẹ̀jẹ̀ kò dá lára òun, ó bèèrè bóyá kí òun fi ìrun sílẹ̀. Ànábì kò bá a wí, kò sì fura sí i. Ó ṣàlàyé fún un pé láti ara iṣan ni ẹ̀jẹ̀ náà ti ń wá, pé kì í ṣe nǹkan oṣù, ó sì kọ́ ọ bí yóò ti máa kírun. Àwọn ọmọbìnrin kan wà tí PCOS kò dá nǹkan oṣù tiwọn dúró, ṣùgbọ́n tí ẹ̀jẹ̀ ń wá lára wọn fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Irú wọn ń bẹ nínú ilé kéwú, wọ́n ti fi ìrun sílẹ̀ fún oṣù kan gbáko nítorí pé kò sí ẹni tí wọ́n lè bi. Bí a bá lè bi Ànábì fúnra rẹ̀ ní irú ìbéèrè yìí ní ojú ayé, kò sí ìdí tí ọmọ kò fi lè bi ìyá rẹ̀ nínú yàrá.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ kan oúnjẹ. Ìlànà ọdún 2023 náà sọ ọ́ kedere pé kò sí oúnjẹ àkànṣe kan tí ó borí gbogbo oúnjẹ yòókù fún àìsàn yìí. Nítorí náà, kò sí ìdí fún òbí láti máa wá oúnjẹ òkè òkun tí ó wọ́n bí ojú. Ohun tí ó ń ṣiṣẹ́ ni oúnjẹ tí ó dọ́gba, tí kì í jẹ́ kí ṣúgà ya wọ inú ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí ọmọ sì lè máa jẹ ní ọjọ́ gbogbo láìsú. Irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ wà nínú ọjà ìlú wa.

Ẹ wo àwo tí ó wọ́pọ̀ nínú ilé. Òkèlè ga bí òkìtì, ọbẹ̀ sì jẹ́ ṣíbí méjì pẹ̀lú ẹran kékeré kan. Ẹ yí i padà. Kí òkèlè má ju ìkúùkù ọmọ lọ, kí ẹ̀fọ́ kún ìdajì àwo, ìbáà jẹ́ tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewédú tàbí ilá, kí ẹja, ẹyin, wàrà tàbí ẹ̀wà sì gba ìyókù. Ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà a máa fa ọwọ́ ṣúgà sẹ́yìn, wọn a sì máa jẹ́ kí ọmọ yó pẹ́. Àwọn kan rò pé bí òkèlè bá ti jẹ́ ti àlìkámà, kò ní òdiwọ̀n mọ́. Àṣìṣe ni. Àlìkámà, àmàlà àti láfún, gbogbo wọn ni ó ń di ṣúgà, ohun tí ó yẹ kí a wò ni bí ó ti pọ̀ tó àti ohun tí a fi jẹ ẹ́. Mọ́ín-mọ́ín àti ẹ̀kuru tí àwọn ìyá wa ń sè ní àtijọ́ sàn fún ọmọ yìí ju búrẹ́dì funfun lọ ní òwúrọ̀. Kí ó jẹ ọsàn fúnra rẹ̀, kí ó má ṣe mu omi ọsàn inú páálí. Ẹ̀pà díẹ̀ sàn ju bisíkíìtì lọ fún ìpápánu.

Mínírà ni ọ̀tá tí ó fara sin jù lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé, nínú ìlànà tí ó gbé jáde ní ọdún 2015, sọ pé yóò dára bí ṣúgà àfikún tí ènìyàn ń jẹ lóòjọ́ kò bá ju nǹkan bí gíráàmù 25 lọ, èyí tí í ṣe ṣíbí tíì mẹ́fà. Ìgò mínírà kan ṣoṣo lè kọjá gbogbo rẹ̀. Ìjọba Nàìjíríà pàápàá rí ewu yìí, nínú òfin ìṣúnná ti ọdún 2021 ni wọ́n ti fi owó orí náírà 10 lé lítà kọ̀ọ̀kan ohun mímu aládídùn. Ṣùgbọ́n níbi ìsọmọlórúkọ wa, níbi wòlímọ̀ wa, níbi yìgì wa, mínírà ni à ń fi ṣe àlejò, ẹni tí ó bá gbé omi fún àlejò dà bí ahun. Ọmọ tí ó ní PCOS jókòó láàárín wa níbẹ̀, a sì retí pé kí òun nìkan ṣẹ́ra. Kí a lé akátá lọ ná kí a tó bá adìẹ wí. Omi tútù kì í ṣe ohun ìtìjú. Sobo tí a kò fi ṣúgà sí náà wà, ó sì dùn bí a bá fi ata ilẹ̀ àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó díẹ̀ sí i.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ gbé wà. Bí ìyá bá se ìkòkò kan fún gbogbo ilé, tí ó wá ya àwo kékeré sọ́tọ̀ fún ọmọ kan, ìyà ni ọmọ náà yóò kà á sí. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń mu mínírà lójú rẹ̀, àbúrò rẹ̀ ń pè é ní ọ̀rá, bàbá sì ń bèèrè bóyá kò tíì fọn. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ yóò máa jẹun ní kọ̀rọ̀, yóò febi pa ara rẹ̀ ní ọ̀sán, yóò sì jẹ àjẹjù ní òru. Àwọn onímọ̀ ti rí i pé ìbànújẹ́ ọkàn àti ìṣòro nípa oúnjẹ jíjẹ wọ́pọ̀ láàárín àwọn tí ó ní àìsàn yìí ju àwọn mìíràn lọ. Èébú kì í sì í dín insulin kù. Ṣùgbọ́n bí gbogbo ilé bá jùmọ̀ ń jẹ ẹ̀fọ́ púpọ̀ àti òkèlè díẹ̀, kò sí ẹni tí a yà sọ́tọ̀. Bàbá tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá jà yóò jàǹfààní rẹ̀. Ìyá àgbà tí ó ní àtọ̀gbẹ yóò jàǹfààní rẹ̀. Àwọn ọmọ yòókù yóò gba ààbò kí àìsàn tó dé.

Ebi pípa kì í ṣe ìtọ́jú rárá. Ọmọ ọdún 14 ṣì ń dàgbà, eegun rẹ̀ ń le, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń fẹ́ oúnjẹ. Bí ó bá sanra, kò pọn dandan kí ó di tẹ́ẹ́rẹ́ kí ara rẹ̀ tó yá. Bí ọ̀dọ́mọbìnrin tí ó tẹ̀wọ̀n 80 kílò bá dín kílò mẹ́rin sí mẹ́jọ kù díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ojú dókítà, nǹkan oṣù lè bẹ̀rẹ̀ sí í padà bọ̀ sípò. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn tẹ́ẹ́rẹ́ wà tí ó ní PCOS. Ẹni tí ó bá ní kí irú wọn dín oúnjẹ kù ń pa wọ́n lára. Ohun tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nílò ni kí oúnjẹ rẹ̀ dára, kì í ṣe kí ó dín.

Èyí kan ààwẹ̀ Ramadan pẹ̀lú. Àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin kan ń fi ààwẹ̀ wá ìfọn. Wọn kì í jẹ sààrì, wọn yóò sùn di ọ̀sán, nígbà ìṣínu wọn yóò sì fi ògì tí ṣúgà kún, mínírà àti àkàrà tí epo ń ro di ikùn. Ohun tí wọ́n rò pé àwọn pàdánù ní ọ̀sán ti padà wọlé ní ìrọ̀lẹ́. Ìbẹ̀rù Ọlọ́hun ni a fi ń gba ààwẹ̀, kò wà fún ìfọn. Kí ọmọ jẹ sààrì tí ẹ̀wà tàbí ẹyin wà nínú rẹ̀, kí ó fi dàbínù díẹ̀ àti omi ṣínu, kí ó sì jẹun níwọ̀n. Bí ó bá ń lo oògùn, kí òbí bi dókítà kí oṣù tó wọlé nípa àkókò tí yóò máa lò ó.

Oúnjẹ nìkan kò tó, ara gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́. Ìmọ̀ràn fún àwọn ọmọ ọjọ́ orí yìí ni kí wọ́n fi wákàtí kan lóòjọ́ ṣe ohun tí yóò mú èémí wọn yára. Ẹran ara tí ó ń ṣiṣẹ́ a máa gba ṣúgà wọlé láìdúró de insulin púpọ̀. Ọmọ lè rìn lọ sí ilé ìwé, ó lè fi okùn fò nínú ọgbà ilé, ó lè pọn omi, ó lè gbálẹ̀. Híjáàbù kò dí ọ̀kankan nínú rẹ̀ lọ́wọ́. Ohun tí ó ń dí i lọ́wọ́ ni kí a ti ọmọ mọ́lé láti àárọ̀ dé alẹ́ nítorí ìbẹ̀rù, kí á sì tún máa bèèrè ìdí tí ó fi ń sanra.

Òtítọ́ kan kù. Oúnjẹ kì í mú PCOS kúrò pátápátá, kò sì lè rọ́pò dókítà. Bí nǹkan oṣù bá pẹ́ jù láìwá, ara inú ilé ọmọ yóò máa nípọn sí i, tí ó bá sì rí bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó lè di jẹjẹrẹ lọ́jọ́ iwájú. Nítorí èyí ni dókítà fi lè fún ọmọ ní oògùn tí yóò mú nǹkan oṣù wá. Nígbà mìíràn, oògùn náà jẹ́ irú èyí tí àwọn ìyàwó ilé ń lò fún ìfètòsọ́mọ-bíbí, òbí yóò sì gbaná jẹ. Kò yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Orúkọ tí ó wà lára páálí oògùn kì í ṣe ẹ̀rí pé ọmọ ti bàjẹ́. Dókítà tún lè fún un ní metformin, oògùn tí àwọn alátọ̀gbẹ ń lò, kí ó lè ran insulin lọ́wọ́. Kí wọ́n máa yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún ṣúgà, kí wọ́n sì máa wọn ìfúnpá rẹ̀, nítorí pé àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru a máa wá irú ẹni bẹ́ẹ̀ wá bí ọjọ́ bá ti ń gorí ọjọ́.

Àwọn kan yóò sọ pé owó kò sí, pé ẹ̀wà ti wọ́n, ẹyin ti wọ́n. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n owó búrẹ́dì àti mínírà tí ọmọ ń gbà lọ sí ilé ìwé lójoojúmọ́, bí a bá kó o jọ fún ọ̀sẹ̀ kan, yóò ra ẹ̀wà tí ilé yóò jẹ. Tẹ̀tẹ̀ ń hù lẹ́yìnkùlé ẹni tí ó bá gbìn ín. Ẹni tí ó ń bọ́ ìdílé ni yóò ṣe ìpinnu yìí, nítorí náà ẹ̀yin bàbá, kì í ṣe ọ̀rọ̀ obìnrin nìkan. Àmánà ni ọmọbìnrin lọ́wọ́ yín.

Ẹ̀yin ìyá, ní òwúrọ̀ ọ̀la, ẹ gbé kànrìnkànrìn sílẹ̀. Ẹ pe ọmọ sí ẹ̀gbẹ́ yín, ẹ bi í pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ìgbà tí ó rí nǹkan oṣù rẹ̀ gbẹ̀yìn, ẹ sì gba ohun tí ó bá sọ gbọ́. Ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn. Nígbà tí ẹ bá padà dé, ẹ jọ wọ ilé ìdáná, kí ẹ sì gbé ìkòkò tí gbogbo ilé yóò jẹ kaná.